Iṣẹ́ abẹ iṣan ẹ̀jẹ̀ ẹsẹ̀: kí la máa ṣe kí ojú abẹ má baà kẹ̀?

Àdùnní Aráàdà:
Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ nípa ìtọ́jú ìlera. Ní ọ̀sẹ̀ 3 sí i, wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún bàbá wa níbí l'Ógbómọ̀ṣọ́. Iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí ẹsẹ̀ ọ̀tún ti dí, wọ́n fẹ́ fi iṣan mìíràn gba ẹ̀gbẹ́ ibi tó dí kọjá. Wọ́n máa là á ní ìpàdé itan, níbi tí itan ti so mọ́ abẹ́ ikùn, wọ́n á tún là á nísàlẹ̀ orúnkún. Bàbá ní àtọ̀gbẹ, wọ́n sì ṣì ń fín áṣáà. Kí ló yẹ ká ṣe nílé ṣáájú? Kí la ó máa ṣọ́ lẹ́yìn rẹ̀?

Nọ́ọ̀sì Wọ́ọ̀dù Abẹ:
Ẹ kú ìtọ́jú bàbá o. Ọlọ́run á fún wọn ní àlàáfíà. Ó dáa tẹ́ ẹ tètè béèrè, torí púpọ̀ nínú ohun tí kì í jẹ́ kí ojú abẹ kẹ̀, kí aláìsàn tó wọ tíátà la ti ń ṣe é.

Ẹ bẹ bàbá kí wọ́n pa áṣáà tì lónìí, kì í ṣe lọ́jọ́ tí wọ́n bá gba bẹ́ẹ̀dì. Nikotíìnì inú rẹ̀ máa ń fún àwọn iṣan tín-ín-rín tó ń bọ́ awọ ara pọ̀, awọ tí ẹ̀jẹ̀ kò bá sì ráyè dé kì í tètè lẹ̀ mọ́ra. Ọ̀sẹ̀ 4 làwọn oníṣẹ́ abẹ máa ń fẹ́. Ẹ̀yin ní 3, ẹ má fi ọjọ́ kan ṣòfò nínú rẹ̀.

Ṣúgà ló kàn. Ẹ máa wọ̀n ọ́n láàárọ̀ kí wọ́n tó fi nǹkan kan ẹnu, àti ní wákàtí 2 lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, kẹ́ ẹ sì máa kọ ọ́ sínú ìwé kan ṣoṣo. Tó bá ń kọjá 180 mg/dl lọ́pọ̀ ìgbà, ẹ má dúró de ọjọ́ abẹ, ẹ mú ìwé náà lọ kí dókítà tún oògùn wọn ṣe. Tí ṣúgà bá pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun tó yẹ kó gbógun ti kòkòrò kì í lè ṣiṣẹ́ wọn dáadáa.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ jẹ́ kí bàbá jókòó síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, kẹ́ ẹ yẹ ẹsẹ̀ méjèèjì wò, kẹ́ ẹ la àárín ọmọ ìka kọ̀ọ̀kan. Ibi tó funfun tó ń bó, tó ń yún wọn, tàbí gìgísẹ̀ tó sán nítorí ọyẹ́, ojú ọ̀nà kòkòrò ni gbogbo wọn. Eéwo níbikíbi lára, eyín tó ń ṣọyún, ìtọ̀ tó ń ta wọ́n nígbà tí wọ́n bá ń tọ̀: ẹ má fi ọ̀kan pa mọ́ fún dókítà. Ó yẹ kí wọ́n tọ́jú ìwọ̀nyí ṣáájú, pàápàá tó bá jẹ́ iṣan oníke (iṣan àtọwọ́dá tí wọ́n fi ike ṣe) ni wọ́n fẹ́ fi sí i.

Ẹ má fá irun ibẹ̀ nílé. Abẹ ìfárí máa ń ha awọ ara ní ojú tá ò lè rí, kòkòrò á sì ti fara pamọ́ síbẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Tí irun bá máa dí wọn lọ́wọ́, kílípà ni wọn yóò fi gé e lọ́jọ́ abẹ gan-an.

Lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú àti láàárọ̀ ọjọ́ abẹ, kí bàbá wẹ̀ pẹ̀lú ọṣẹ láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Kí wọ́n fọ ìpàdé itan, ìdodo, abíyá àti àárín ọmọ ìka ẹsẹ̀ dáadáa. Ẹ ra kàn-ìn-kàn-ìn tuntun fún un. Èyí tó ti ń wà nínú ọ̀rinrin bálùwẹ̀ láti oṣù mélòó kan, ilé kòkòrò ni. Táwẹ́ẹ̀lì tí wọ́n fọ̀ tó gbẹ lóòrùn ni kí wọ́n fi nura, kí wọ́n wọ aṣọ mímọ́, kí wọ́n sùn sórí bẹ́ẹ̀dṣíìtì mímọ́. Kò sí àdí, kò sí òrí, kò sí pọ́dà lẹ́yìn ìwẹ̀ náà.

Apòògùn Sábó:
Mo fi ti oògùn kún un. Ẹ kó gbogbo oògùn tí bàbá ń lò sínú láílọ́ọ̀nù kan, àti àgbo pàápàá, kẹ́ ẹ gbé e lọ fún dókítà tó máa fún wọn lóògùn oorun. Ẹ má dá èyíkéyìí dúró fúnra yín.

Aspirin àti oògùn ọ̀rá ẹ̀jẹ̀ bí atorvastatin, wọ́n sábà máa ń ní kí aláìsàn lò ó títí dé ọjọ́ abẹ, torí wọ́n ń dáàbò bo ọkàn àti iṣan tuntun náà. Clopidogrel, tí òun náà kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè dì, oníṣẹ́ abẹ ló máa sọ. Warfarin, oògùn mìíràn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, sábà máa ń dúró ní ọjọ́ 5 ṣáájú. Metformin tó jẹ́ oògùn àtọ̀gbẹ, wọn kì í lò ó láàárọ̀ ọjọ́ abẹ. Dapagliflozin àti empagliflozin, tí àwọn náà jẹ́ oògùn àtọ̀gbẹ, làwọn èèyàn máa ń gbàgbé jù: ó kéré tán ọjọ́ 3 ṣáájú ni wọ́n ti ń dá a dúró, torí ẹni tó bá ń lò ó tí kò sì jẹun nítorí abẹ, ásíìdì lè kún inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bí ṣúgà rẹ̀ kò tilẹ̀ ga.

Ní ti àgbo, ẹ jẹ́ kó dúró fún ọ̀sẹ̀ 2 ó kéré tán. Aáyù tí wọ́n rẹ sómi máa ń dí ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ àtidì. Àgbo jẹ̀dí a máa múni yàgbẹ́ gbuuru, omi ara á gbẹ, kíndìnrín á jìyà rẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé oògùn tí wọ́n ń fún aláìsàn láti fi ya fọ́tò iṣan ti ń ni kíndìnrín ọ̀hún lára tẹ́lẹ̀. Nítorí kíndìnrín yìí kan náà, ẹ má lọ ra ibuprofen tàbí diclofenac fún ìrora lẹ́yìn abẹ láìjẹ́ pé dókítà kọ ọ́.

Òṣìṣẹ́ Tíátà:
Ẹ ò ní bá wọn wọ tíátà, ṣùgbọ́n ẹbí ló ń ra púpọ̀ nínú ohun tí wọ́n bá kọ sínú ìwé, nítorí náà ó yẹ kẹ́ ẹ mọ ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe.

Abẹ́rẹ́ apakòkòrò tó wọ́pọ̀ fún irú abẹ yìí ni cefazolin 2 g, tí wọ́n ń fún sínú iṣan láàárín wákàtí 1 ṣáájú kí wọ́n tó fi abẹ kan awọ. Ẹni tó bá tó 120 kg máa gba 3 g. Tí abẹ bá kọjá wákàtí 4, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ tó dànù ju lítà 1.5 lọ, wọ́n á tún un fún un. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi lè ní kẹ́ ẹ rà ju ẹyọ kan lọ. Oògùn náà gbọ́dọ̀ ti wà nínú ẹran ara kí kòkòrò tó ráyè wọlé. Èyí tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fún un nígbà tí wọ́n ti rán an tán kò lè ṣe iṣẹ́ yẹn mọ́. Tí penisilíìnì bá ti fa ara wíwú, ara yíyún tàbí èémí tó há rí fún bàbá, ẹ sọ ọ́ kó tó di ọjọ́ abẹ, kí wọ́n lè pèsè òmíràn.

Ẹ má bínú tí wọ́n bá dá a dúró láàárín wákàtí 24. Àwọn ẹbí máa ń rò pé wọ́n pa àwọn tì. Tí kò bá sí kòkòrò níbẹ̀, fífi ọ̀sẹ̀ 1 lo apakòkòrò kì í dá ojú abẹ sí. Ó ń jẹ́ kí kòkòrò tó bá ṣẹ́kù mọ oògùn lójú ni, inú aláìsàn á sì tún máa ṣí.

Ohun kejì ni òtútù. Ara aláìsàn kò gbọ́dọ̀ lọ sílẹ̀ ju 36°C lọ, torí tí òtútù bá mú un, iṣan awọ á fún pọ̀, afẹ́fẹ́ ọ́síjìn ò ní dé ojú abẹ. Ẹ fi bùláńkẹ́ẹ̀tì mímọ́ kan ránṣẹ́ tẹ̀ lé wọn. A ó lò ó láti wọ́ọ̀dù dé ẹnu ọ̀nà tíátà àti nígbà tí wọ́n bá ń padà.

Ẹ tún lè béèrè lọ́wọ́ oníṣẹ́ abẹ bóyá iṣan ara bàbá fúnra wọn ni yóò lò. Iṣan ara ẹni kì í tètè gba kòkòrò bí oníke. Àmọ́ ìyẹn ní ìyà tirẹ̀: ojú abẹ á gùn sí i ní itan àti ojúgun níbi tí wọ́n ti yọ ọ́, gbogbo rẹ̀ ló sì fẹ́ ìtọ́jú.

Àdùnní Aráàdà:
Ẹ ṣé gan-an ni. Tí wọ́n bá dá wọn sílẹ̀ ńkọ́? Ìyá wa ti ń sọ̀rọ̀ nípa fífi omi gbígbóná jó ẹsẹ̀ náà. Ṣáláńgá la sì ń lò nílé. Mùsùlùmí ni bàbá, wọn ò fẹ́ kí ìrun lọ.

Nọ́ọ̀sì Wọ́ọ̀dù Abẹ:
Ẹ bá mi bẹ ìyá: omi gbígbóná, rárá. Àtọ̀gbẹ máa ń pa ìmọ̀lára ẹsẹ̀. Omi lè ti bó o kí bàbá tó mọ̀ pé ó gbóná. Bẹ́ẹ̀ náà ni rọ́ọ̀bù àti wíwọ́ ẹsẹ̀. Kò sí ọwọ́ tó gbọ́dọ̀ máa tẹ iṣan tuntun.

Aṣọ egbò tí wọ́n fi bò ó ní tíátà, tó bá ṣì gbẹ, ó máa wà níbẹ̀ fún wákàtí 48. Kí ẹnikẹ́ni má ṣí i torí àlejò fẹ́ rí i.

Nígbà tẹ́ ẹ bá wá ń tọ́jú rẹ̀ nílé, ẹnì kan péré ni kó máa ṣe é, ẹni tó gé èékánná, tó bọ́ òrùka. Ẹ fọ ọwọ́ pẹ̀lú ọṣẹ fún ìṣẹ́jú àáyá 40 sí 60 lábẹ́ omi tó ń ṣàn. Tí ẹ̀rọ omi kò bá sí, kí ẹlòmíràn máa fi kẹ́tùlù dà á sí yín lọ́wọ́. Báàsì tí gbogbo ilé ń ki ọwọ́ bọ̀ kò dáa fún èyí. Ẹ rọra ṣí pílásítà láti etí wá sí àárín, kẹ́ ẹ fi normal saline (omi iyọ̀ tí wọ́n ń tà fún fífọ egbò) rin ín tó bá lẹ̀. Kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan kan, ẹ kọ́kọ́ wò ó, kẹ́ ẹ gbóòórùn rẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹ tún ọwọ́ fọ̀.

Ojú abẹ tó ti pa, tó gbẹ, kò fẹ́ oògùn kankan. Tó bá gba kẹ́ ẹ nù ún, gọ́ọ̀sì kan, ìnù kan, láti ojú egbò lọ sẹ́yìn, ẹ sọ ọ́ nù. Ìpàdé itan lẹ máa kọ́kọ́ ṣe, lẹ́yìn náà ìsàlẹ̀ orúnkún. Tí egbò bá wà lẹ́sẹ̀, òun ló máa gbẹ̀yìn, ẹ má sì gbé ọwọ́ tẹ́ ẹ fi kàn án padà sókè. Ìgò saline tẹ́ ẹ bá ti ṣí, ẹ da ìyókù nù lẹ́yìn wákàtí 24. Tẹ́ ẹ ò bá rí rà, ẹ se omi mímọ́ kó hó fún ìṣẹ́jú 10, ẹ wọn 500 ml nínú rẹ̀, ẹ po ṣíbí tíì 1 iyọ̀ tó tẹ́ pẹrẹsẹ sí i, kó tutù nínú ohun tó ní ìdérí. Ọjọ́ kan náà lẹ máa lò ó tán.

Ìpàdé itan gbọ́dọ̀ gbẹ. Tí ikùn bàbá bá bò ó, kí wọ́n sùn gbalaja, kẹ́ ẹ gbé ikùn sókè, kẹ́ ẹ fi gọ́ọ̀sì gbígbẹ tí ẹ ṣẹ́ po sí àárín ìṣẹ́po ara náà. Nínú ooru, ó lè gbà kẹ́ ẹ pààrọ̀ rẹ̀ nígbà 3 lójúmọ́. Tó bá ti tutù, ó ti kọjá àkókò pípààrọ̀. Ṣòkòtò àwọ̀tẹ́lẹ̀ òwú tó fẹ̀ ni kí wọ́n wọ̀.

Lẹ́yìn wákàtí 48, tí oníṣẹ́ abẹ bá ti gbà bẹ́ẹ̀, wọ́n lè fi omi ṣan ara, kẹ́ ẹ sì rọra fi táwẹ́ẹ̀lì tẹ̀ ẹ́ gbẹ láìra á. Wọn ò gbọ́dọ̀ jókòó sínú báàfù títí ojú abẹ á fi jinná.

Ṣáláńgá: lílóṣòó máa ń ká ìpàdé itan, ó sì ń fà á ya. Ẹ ní kí káfíńtà lu ihò sí àárín àga onígi kan, kẹ́ ẹ gbé póò sábẹ́ rẹ̀. Tí wọ́n bá fẹ́ ṣe tánìí (fífi omi fọ ìdí), láti iwájú lọ sẹ́yìn ni, omi díẹ̀díẹ̀, kí gọ́ọ̀sì tàbí aṣọ mímọ́ bo ojú abẹ nígbà náà, kí wọ́n sì nu ibẹ̀ gbẹ. Ẹ̀fọ́ àti omi tó pọ̀ tó kò ní jẹ́ kí ìgbẹ́ le. Ẹni tó ń fi tipátipá yàgbẹ́, ojú abẹ ló ń tì.

Ọmọ Àáfà:
Ní ti ìrun, ẹ fi bàbá lọ́kàn balẹ̀. Ibi tí omi kò gbọ́dọ̀ kàn, ẹ̀sìn fàyè gba táyámọ́mù (fífi erùpẹ̀ mímọ́ ṣe ìmọ́tótó dípò omi). Wọ́n sì lè jókòó sórí àga kírun, kí wọ́n máa fi orí tẹ̀ba. Kò sí ìdí láti forí kanlẹ̀ lórí ojú abẹ tó ṣì tútù.

Dókítà Abẹ Iṣan:
Gbogbo ohun tí nọ́ọ̀sì sọ ni mo fọwọ́ sí. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí ìpàdé itan fi ń dà wá láàmú tó bẹ́ẹ̀. Ibẹ̀ máa ń làágùn, awọ ibẹ̀ ń ká lura, ó sún mọ́ ojú ìtọ̀ àti ihò ìdí, àwọn iṣan tó ń gbé omi ara sì kún ibẹ̀ tí abẹ máa ń gé. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, iṣan ńlá tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ rán kò jìn sí awọ rárá. Egbò tó dà bí ohun kékeré lójú lè ti dé ara ibi tí a so iṣan mọ́ra. Nítorí náà, ojú abẹ ìpàdé itan tó bá ṣí tàbí tó ń ṣọyún kì í ṣe ti kẹ́míìsì, kì í sì í ṣe ti nọ́ọ̀sì àdúgbò. Ẹ gbé e padà wá lọ́jọ́ náà.

Àwọn ohun tí ẹ máa ṣọ́ nìyí. Kẹ́ ẹ tó kúrò ní wọ́ọ̀dù, ẹ ní kí wọ́n fi ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń lù lẹ́sẹ̀ hàn yín: ọ̀kan wà lókè àtẹ̀sẹ̀, ìkejì wà lẹ́yìn kókósẹ̀ ti inú. Ẹ fi báírò sàmì sí i. Láàárọ̀ àti lálẹ́, ẹ fi ìka 2 kàn án fẹ́ẹ́rẹ́, ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ wọ̀n ọ́n bóyá ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí ẹsẹ̀ kejì. Tí kò bá lù mọ́, tí ẹsẹ̀ tutù, tó funfun tàbí tó dúdú, tí ìrora dé lójijì, tí bàbá kò lè mi ọmọ ìka, iṣan náà ti dí nìyẹn. Wákàtí bíi 6 péré ni ẹran ara lè fara dà á láìsí ẹ̀jẹ̀ rárá, ẹ má sì fi ọ̀kan nínú rẹ̀ wá omi gbígbóná.

Láàárín ọjọ́ àkọ́kọ́ sí ìkejì, tí ojúgun bá le bí igi, tí ìrora rẹ̀ ju ojú abẹ lọ, tí bàbá ń ké nígbà tẹ́ ẹ bá ká ọmọ ìka ẹsẹ̀ wọn sókè, ẹ pariwo pe nọ́ọ̀sì. Ẹran tó ti pẹ́ tí ẹ̀jẹ̀ kò dé, tí ẹ̀jẹ̀ wá padà sí, ló wú nínú àpò rẹ̀, ó sì lè gba pé kí a là á kí ó tó kú. Wíwú lásán yàtọ̀ sí ìyẹn. Ẹsẹ̀ sábà máa ń wú lẹ́yìn irú abẹ yìí fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, nígbà mìíràn oṣù mélòó kan. Kí wọ́n gbé e lé ìrọ̀rí tí wọ́n bá jókòó, kí wọ́n máa dìde rìn díẹ̀ ní wákàtí wákàtí, kí ẹ̀jẹ̀ má baà dì sínú iṣan. Ẹ má wọ ìbọ̀sẹ̀ tó ń fún ẹsẹ̀ fún wọn, ẹ má sì fi báńdéèjì so ó le, àfi tí a bá sọ bẹ́ẹ̀.

Omi tó mọ́ gaara tàbí tó pọ́n rẹ́súrẹ́sú, tí ń rin aṣọ egbò láìdáwọ́ dúró, omi ara ló sábà máa ń jẹ́. Ó lè dáwọ́ dúró fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń ṣí ọ̀nà fún kòkòrò, a gbọ́dọ̀ rí i.

Ibà ní ọjọ́ 1 tàbí 2 àkọ́kọ́ kì í sábà jẹ́ ti ojú abẹ. Láti nǹkan bí ọjọ́ 5 lọ, ojú abẹ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ ṣí wò. Tẹ́ ẹ bá ń fura sí ibà ẹ̀fọn, ẹ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò kẹ́ ẹ tó lo oògùn rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọjọ́ ló ń ṣòfò sídìí oògùn ibà nígbà tí ọyún ń kó jọ lábẹ́ awọ. Níbi tí iṣan oníke bá wà, kòkòrò lè fara hàn lẹ́yìn oṣù, kódà lẹ́yìn ọdún. Ìpàdé itan tó bá wú tó ń lù kìkì lẹ́yìn gbogbo ìgbà yẹn ṣì jẹ́ tiwa.

Èyí tó le jù: tí ẹ̀jẹ̀ pupa bá tú jáde ní ìpàdé itan, kódà kó kéré, kódà kó dáwọ́ dúró fúnra rẹ̀, ó lè jẹ́ àmì pé ibi tí a rán iṣan mọ́ ti ń jẹrà. Èyí tó máa tẹ̀ lé e lè má dáwọ́ dúró. Kí bàbá sùn gbalaja. Ẹ fi aṣọ mímọ́ sí i, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ gidigidi, ẹ má ṣí i wò, ẹ má gbé ọwọ́ kúrò títí tẹ́ ẹ fi dé ilé-ìwòsàn. Mọ́tò ni kẹ́ ẹ fi gbé wọn, kì í ṣe ọ̀kadà.

Ìyá Ìjẹ̀rú:
Ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Ṣé kò dáa ká tú kápúsù ampicillin sí ojú egbò kó tètè gbẹ? Ohun tí wọ́n ń ṣe ládùúgbò wa nìyẹn.

Apòògùn Sábó:
Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má ṣe é. Ìyẹ̀fun náà máa ń dì sójú egbò bí èépá, ọyún á wà lábẹ́ rẹ̀ láìsí ẹni tó rí i. Oògùn inú rẹ̀ kò sì tó iye tó yẹ kó dé inú ẹran ara. Hydrogen peroxide, sípírítì àti iyọ̀ gbígbẹ náà wà lára rẹ̀: wọ́n ń jó ẹran tuntun tó ń hù. Tí ojú egbò bá ti pọ́n, tó gbóná, tó ń ṣọyún, kí dókítà kọ́kọ́ mú ọyún náà lọ sí láàbù kí wọ́n mọ oògùn tó máa pa á. Ẹni tó bá ti gbé apakòkòrò mì ṣáájú máa ń ba àyẹ̀wò yẹn jẹ́.

Olóúnjẹ Ìlera:
Wọ́n á sọ fún yín pé ẹyin, ẹ̀wà àti ẹran ń jẹ́ kí egbò ṣọyún. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ara ò lè hun awọ tuntun láìsí wọn. Tí kíndìnrín bàbá bá dáa, kí oúnjẹ kọ̀ọ̀kan ní ọ̀kan nínú ẹja, ẹyin, ẹ̀wà, ẹran tàbí wàràkàṣì. Láfún àti àmàlà ni kẹ́ ẹ dínkù, kí òkèlè kéré, kí ẹ̀fọ́ gba ìdajì àwo. Ẹ má febi pa bàbá nítorí ṣúgà o.

Òṣìṣẹ́ Tíátà:
Ẹni tó bá ń ka èyí nítorí iṣan apá tí wọ́n so fún fífọ ẹ̀jẹ̀ kíndìnrín: kí ẹnikẹ́ni má wọn ẹ̀jẹ̀ ríru ní apá yẹn, kí wọ́n má gún abẹ́rẹ́ síbẹ̀ àfi ti fífọ ẹ̀jẹ̀. Ẹ máa fi ọwọ́ kàn án láràárọ̀. Bó ṣe ń gbọ̀n rìrì lábẹ́ ọwọ́ ni ó yẹ kó máa wà. Tí kò bá gbọ̀n mọ́, ọjọ́ náà ni kẹ́ ẹ lọ.

Àdùnní Aráàdà:
Mo ti tẹ gbogbo rẹ̀ síwèé. Ìbéèrè tó kù: ìgbà wo ni wọ́n máa yọ okùn tí wọ́n fi rán an? Abúlé kan lẹ́yìn Ajáàwà ni bàbá ń gbé.

Nọ́ọ̀sì Wọ́ọ̀dù Abẹ:
Láàárín ọjọ́ 10 sí 14 ló sábà máa ń jẹ́. Fún ẹni tó ní àtọ̀gbẹ, ó lè pẹ́ jù bẹ́ẹ̀, kẹ́ ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yọ ọ́ ní abúlé. Tí àyè bá wà lọ́dọ̀ ẹbí nílùú, kí bàbá dúró l'Ógbómọ̀ṣọ́ títí wọ́n á fi yọ ọ́. Tí wọ́n bá ní àwọn ń lọ dandan, ẹ gba ìwé ìdásílẹ̀ tó kọ irú abẹ tí wọ́n ṣe, bóyá iṣan ara wọn ni tàbí oníke, àti oògùn tí wọ́n ń lò. Ẹ fi kámẹ́rà fóònù ya ìwé náà, kẹ́ ẹ tún ya ojú abẹ lọ́jọ́ tí wọ́n bá dá wọn sílẹ̀, kẹ́ ẹ lè fi wé bó bá ṣe rí lọ́jọ́ mìíràn. Ẹ gba nọ́ńbà wọ́ọ̀dù, kẹ́ ẹ sì bá awakọ̀ kan sọ ọ́ tẹ́lẹ̀, ẹni tó máa dáhùn tẹ́ ẹ bá pè é lóru.